Ọkọ̀ Bàbá Wa Nínú Gáréèjì GRA

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tí ó kọjá, àwọn kan nínú yín bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ pupa kékeré tí ó máa ń gba iwájú Polo Park kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí ń kùn bí agbọ́n, tí ẹni tí ń wà á sì jókòó sí apá ibi tí ó yẹ kí èrò jókòó sí. Àwọn kan tilẹ̀ ní a ti di olówó, a kò sì sọ fún ẹgbẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọkọ̀ Bàbá wa ni. A ṣe ìlérí pé a óò kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí, àti ibi tí a ti gbọ́n, àti ibi tí a ti gọ̀, kí ẹni tí ó bá ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nílé lè fi tiwa ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ogui, Asata, Uwani tàbí Abakpa mọ̀ pé GRA kò jọ àdúgbò yòókù ní Enugu. Àwọn òyìnbó ni ó tẹ̀ ẹ́ dó fún ara wọn. Ní 1909 ni wọ́n rí èédú nínú òkè tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú. Ní 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Ní 1916 ojú irin dé láti Port Harcourt láti máa kó o lọ sí etí òkun. Àwọn awakùsà ń gbé Coal Camp. Àwọn ọ̀gá òyìnbó kọ́ tiwọn sí ọ̀tọ̀: ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ó ní fàrándà gbọọrọ, àgbàlá tí ó tó oko kékeré, igi máńgòrò, ilé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ní ẹ̀yìn, àti gáréèjì kan tí ó dá dúró ní ìpẹ̀kun ọ̀nà. Nígbà tí òyìnbó lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà wọ ibẹ̀. Lónìí, ilé ìtura àti ilé ìfowópamọ́ ti gba púpọ̀ nínú àwọn ilé wọnnì, ilé ọjà ńlá sì ti wà láti 2011 ní ibi tí wọ́n ti ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù póló rí. Ṣùgbọ́n gáréèjì àtijọ́ ṣì kù níhìn-ín lọ́hùn-ún. Nínú ọ̀kan nínú wọn ni ọkọ̀ Bàbá wa dúró sí fún nǹkan bí 50 ọdún.

Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó gbé Bàbá wa wá sí Enugu ní 1958. Ní 1965, òyìnbó kan tí ó ń padà sílé ta ọkọ̀ asáré rẹ̀ fún wọn. MGB ni orúkọ ọkọ̀ náà, Abingdon ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ṣe é. Láti 1962 di 1980 ni wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀, iye tí wọ́n ṣe sì lé ní 500,000. Ènìyàn méjì ni ó ń gbà. Aṣọ tí a lè ká ni òrùlé rẹ̀, wáyà wẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó wà nínú àgbá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lè sáré ju 100 máìlì lọ ní wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n wà á wọlé, Ìyá wa bi wọ́n pé, ìyàwó kan àti ọmọ márùn-ún, ta ni wọ́n fẹ́ fi gbé nínú wa? Bàbá dáhùn pé àwọn yóò máa gbé wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe. Ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ẹnì kan nínú wa, ẹni tí ọjọ́ kò bá sì tíì kàn yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa sunkún.

Kí 1966 tó parí, ìlú gbóná, a sì ní láti padà sí ilẹ̀ wa. Méje ni wá, ọkọ̀ náà gba méjì. Lọ́rí ni a wọ̀, a sì gba orí afárá Onitsha, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1965, sọdá Odò Ọya. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti ìwé rẹ̀ lé aládùúgbò wa lọ́wọ́, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, ọmọ Ìgbò, tí òun àti Bàbá jọ ń ṣiṣẹ́. Pápá ni àwa ọmọ ń pè wọ́n títí di òní olónìí. Bàbá sọ fún wọn pé, “Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje, 1967. Pápá mọ̀ pé ọmọ ogun ìhà kí ìhà tí ó bá rí ọkọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ yóò wà á lọ. Nítorí náà wọ́n tú kábúrétọ̀ méjèèjì kúrò lára ẹ́ńjìnnì, wọ́n tú distributor, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń pín iná fún àwọn pílọ́ọ̀gì, wọ́n fi gírísì kùn wọ́n, wọ́n kó wọn sínú agolo bisikíìtì ńlá kan, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, 1967, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ wọ Enugu. Pápá àti ìdílé wọn ti sá lọ sí abúlé. Nígbà tí ogun parí ní oṣù kìíní, 1970, tí wọ́n padà wálé, wọn kò bá àga, wọn kò bá ibùsùn, wọn kò tilẹ̀ bá ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n wọ́n bá ọkọ̀ náà. Táyà rẹ̀ ti lọ, ìjókòó rẹ̀ ti lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó rí i wà. Pápá hú agolo náà jáde. Nígbà tí Bàbá padà dé ní 1971, agolo yẹn ni Pápá gbé lé wọn lọ́wọ́ kí àwọn méjèèjì tó kí ara wọn tán.

Bàbá tún ọkọ̀ náà ṣe, wọ́n sì gùn ún títí di ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀, tí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọkọ̀ tí a ṣe fún apá òsì, ọ̀tún ni awakọ̀ rẹ̀ ń jókòó sí. Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá fẹ́ ya lọ́rí kan sílẹ̀, wọn kì í rí ohun tí ń bọ̀ níwájú. Ìyá wa tí ó jókòó lápá òsì ni yóò yọrí wò, tí yóò sì wí pé, “Ó yá!” tàbí, “Ẹ dúró!” Ní ọjọ́ kan lójú ọ̀nà Abakaliki, Ìyá wa wí pé ó yá nígbà tí kò tíì yá. Ọpẹ́lọpẹ́ bíréèkì. Ìyá wa kò wọ ọkọ̀ náà mọ́, Bàbá sì tì í sínú gáréèjì pé àwọn yóò tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò. Wọn kò rò ó títí wọ́n fi sùn ní 2009.

Ní oṣù kìíní, 2021, nígbà tí a lọ kí Pápá kú ọdún, wọ́n ti di ẹni ọdún 87. A jẹun, a mu, a dìde láti máa lọ. Pápá wá bi wá pé, “Ọkọ̀ yẹn ńkọ́?” A ní ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní, “Bàbá yín ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Kò sọ fún mi pé títí di ìgbà wo.” A padà sílé, a kò sì rí oorun sùn. Àwa márùn-ún tí Bàbá bí ṣe ìpàdé, àwọn tí ó wà ní Èkó àti Ìbàdàn gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, a sì fẹnu kò pé kí Pápá tó pé ẹni 90 ọdún, wọn yóò jókòó nínú ọkọ̀ náà, ọkọ̀ náà yóò sì máa lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dùn púpọ̀. A lé eku jáde, a gbá ìdọ̀tí, a fi omi ọṣẹ wẹ ọkọ̀ náà, ó sì ń dán. A sáré lọ ra ọ̀dà pupa. Nígbà tí Pápá wá wo iṣẹ́ wa, wọn kò wo ibi tí ń dán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn gún irin abẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀pá náà sì wọlé lọ bí ẹni fi ìka gún ẹ̀kọ. Wọ́n ní kí a gbé ọ̀dà náà pamọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ohun tí a kò mọ̀ nìyí. MGB kò ní irin férémù lábẹ́ bíi ti lọ́rí. Ara rẹ̀ ni ó ń gbé ara rẹ̀ dúró, pàápàá àpótí irin gbọọrọ méjì tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún àti lósì. Nítorí pé kò ní òrùlé irin, bí àpótí wọ̀nyí bá bàjẹ́, díẹ̀ ni ohun mìíràn tí ó so iwájú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Eruku pupa Enugu tí táyà ń ta sókè ti kún inú wọn láti ayé Bàbá, omi òjò ti rin ín, kò sì ríbi jáde. Láti inú ni ìpáàrà ti jẹ irin náà wá sí òde, nígbà tí òde ṣì ń tàn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

A pe wẹ́dà kan wá sílé. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ní òrùlé ni ó mọ̀, àwa tí a gbé iṣẹ́ fún un kò sì mọ̀ jù ú lọ. A ní kí ó gé àpótí méjèèjì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà kí iṣẹ́ lè yá. Ní àárọ̀, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ń ṣí, ó ń tì. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn kò ṣí mọ́. Ọkọ̀ ti rọ̀ wálẹ̀ láàárín, bí okùn tí a sá aṣọ tútù sí. A jókòó sórí bíríkì níwájú gáréèjì, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù tí ó bà wá ni pé a ti fi ọwọ́ ara wa ba ohun tí ogun kò lè bàjẹ́ jẹ́.

Ọ̀nà àbáyọ tí a padà rí, a kọ ọ́ síhìn-ín fún ẹni tí yóò wúlò fún. A fi jáàkì méjì gbé abẹ́ àárín ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, títí àlàfo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn fi dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀. Wẹ́dà wá jó irin gbọọrọ mọ́ ojú ilẹ̀kùn, láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ara ọkọ̀ má bàa yẹ̀ mọ́. Ó tẹ páànù tuntun tí ó nípọn sí ìrísí àpótí àtijọ́, ó jó ti ọ̀tún, a wọ̀n ọ́n, kí ó tó fọwọ́ kan ti òsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni iṣẹ́ yìí gbà. Ìbá má gbà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ bí a bá ti jó irin mọ́ ojú ilẹ̀kùn kí a tó gé ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ sípánà ni ó gbé wa dé Coal Camp. Bóòtì àti nọ́ọ̀tì ọkọ̀ yìí, ínṣì ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n, kì í ṣe mìlímítà bíi ti ọkọ̀ Jàpáànù àti ti Jámánì tí gbogbo mẹkáníìkì òde òní mọ̀. Orí nọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ ìdajì ínṣì, mìlímítà 12.7 ni. Sípánà 13 yóò wọ̀ ọ́, yóò sì dà bí ẹni pé ó bá a mu, ṣùgbọ́n bí o bá fi agbára yí i, yóò yọ̀, yóò sì sọ igun mẹ́fà orí nọ́ọ̀tì di róbótó. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni a bàjẹ́ báyìí kí a tó gba ara wa nímọ̀ràn. A sọ̀kalẹ̀ láti GRA, a kọjá Ọjà Ogbete, a wọ Coal Camp, níbi tí àwọn ọmọ awakùsà àti ọmọ ọmọ wọn ti ń ta ohun èlò ọkọ̀, tí wọ́n sì ń tún ọkọ̀ ṣe. Láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni a ń béèrè. Àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan tí ó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe, ó wọ inú ilé, ó mú àpò awọ kan jáde, sípánà oní-ínṣì sì wà nínú rẹ̀ láti kékeré dé ńlá. Kò tà wọ́n fún wa. Ó ní kí a mú wọn lọ, kí a dá wọn padà bí a bá ṣe tán, kí a sì wà ọkọ̀ náà wá kí òun rí i.

Lẹ́yìn èyí ni a lọ sí Nnewi. A jáde ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, a gba 9th Mile, Udi, Oji River àti Awka, a sì dé ìlú àwọn oníṣòwò ohun èlò ọkọ̀, níbi tí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ Innoson wà. Bí a bá dárúkọ MGB ní ọjà Nkwo, wọ́n á ní kò sí. Ọlọ́jà kan wá kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ó ní kí a má dárúkọ ọkọ̀ mọ́, kí a kó ohun tí ó bàjẹ́ jáde. A kó bẹ́ríǹ jáde. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ó sì mú irú nọ́ńbà kan náà wá láti ẹ̀yìn ìsọ̀. A kó rọ́bà tí omi ń gbà kọjá jáde. Ó wọ̀n ọ́n, ó rí èyí tí ó bá a mu lára ọkọ̀ mìíràn. Ìdajì ohun tí a wá ni a rí gbà ní ọjọ́ náà. Orúkọ ọkọ̀ lè parẹ́ lọ́jà, ìwọ̀n irin kì í parẹ́.

Ìdajì yòókù di ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó ní MGB ṣorire ju ẹni tí ó ní irú ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn lọ, nítorí wọ́n ṣì ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀. Láti 1988 ni ilé-iṣẹ́ British Motor Heritage tilẹ̀ ti ń ṣe odidi ara rẹ̀ tuntun. Owó ni ìṣòro. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 a ṣe ìṣirò ohun tí a fẹ́, owó rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń jiyàn: àwọn kan fẹ́ kí a ra aṣọ òrùlé tuntun àti irin dídán fún iwájú rẹ̀, àwọn kan ní bíréèkì àti rọ́bà ẹ́ńjìnnì ni kí a kọ́kọ́ rà. Orí àríyànjiyàn yìí ni a wà nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní òpin oṣù karùn-ún, tí iye epo fi ju ìlọ́po méjì lọ. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ kí ó wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà ti kọjá 1,500 kí oṣù kejì, 2024 tó parí. Owó tí ó tó ra gbogbo nǹkan kò tó ra ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ń dúró dè wá, àwọn ìyàwó wa ń wò wá, wọn kò sì nílò láti sọ̀rọ̀.

Ní àkókò yẹn ni àwọn tí ń ti ọmọlanke ra irin àkókù dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n wo ọkọ̀ náà, wọ́n sì dárúkọ iye kan. Iye náà kéré, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ ni. Àwa tí ó jẹ́ ọkùnrin nínú ìdílé ti ń mi orí pé kò sí bí a ó ti ṣe é. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀, wá béèrè pé, “Ta ni yóò lọ sọ fún Pápá?” A wo ojú ara wa. Kò sí ẹni tí ó lè lọ. Àwọn onírin bá ti ọmọlanke wọn, wọ́n ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a pa àríyànjiyàn tì: ohun tí yóò mú ọkọ̀ dúró ṣáájú ohun tí yóò mú un dán. A ra rọ́bà bíréèkì àti gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì nìkan. Títí di òní, ọkọ̀ náà kò ní aṣọ òrùlé. Bí òjò bá ṣú, ilé ni a ń sá sí.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ni ó tún kù tí a óò jẹ́wọ́. A ti ra ẹ̀rọ ìgbàlódé kékeré kan tí a fẹ́ fi sínú distributor, nítorí a rò pé ti àtijọ́ ti darúgbó jù. A kò sì mọ̀ pé nínú MGB tí wọ́n ṣe ṣáájú òpin 1967, ẹnu bátìrì tí ó ní àmì àròpọ̀ ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, kì í ṣe èyí tí ó ní àmì ìyọkúrò bíi ti ọkọ̀ òde òní. A so ẹ̀rọ tuntun náà mọ́ ọn, a yí kọ́kọ́rọ́, èéfín kékeré yọ, owó wa sì bá èéfín lọ. A padà sídìí agolo Pápá. Distributor tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní 1967 wà níbẹ̀, nítorí Bàbá ti tú u pamọ́ sínú agolo kan náà nígbà tí wọ́n ti ọkọ̀ wọ gáréèjì. A fi bébà yanrìn fẹ́lẹ́ nu ojú póńtì rẹ̀, a fi àlàfo 0.015 ínṣì sí i, a fọ kábúrétọ̀ méjèèjì, a sì tò wọ́n padà. Ẹ́ńjìnnì náà jí ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó tú èéfín dúdú sí ara aṣọ gbogbo wa, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti tẹ iná rẹ̀, yóò wúkọ́, yóò fẹ́ kú. A pe Pápá lórí fóònù. Wọ́n ní, “Ẹ ṣí ìdérí kékeré orí kábúrétọ̀. Epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ ha wà níbẹ̀ bí?” Kò sí. A bu díẹ̀ sí i, ikọ́ náà sì san.

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní 2024, ọdún tí Pápá pé ẹni 90, a wà á lọ sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ìjókòó rẹ̀ lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ọmọ ọmọ wọn méjì ni ó dì wọ́n mú kí wọ́n tó jókòó. Ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa ni ó wà á, àwọn yòókù sì ń tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀ mìíràn. A yí GRA po lẹ́ẹ̀kan. A rò pé ó tó. Pápá ní, “Ẹ jẹ́ kí a gun òkè.”

Òkè tí wọ́n ń wí ni Milken Hill. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà náà mọ̀ ọ́n: ó lọ́, ó tún lọ́, ògiri òkè wà lápá kan, ọ̀gbun wà lápá kejì, gbogbo Enugu sì tẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn yín bí ẹní. Nítòsí àfonífojì Iva, níbi tí ọlọ́pàá ti yìnbọn pa awakùsà 21 ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1949, Pápá ṣí fìlà. Ọmọ ọdún 15 ni wọ́n nígbà náà. Wọn kò sọ ohunkóhun, wọ́n sì dé fìlà wọn padà.

Kò pẹ́ tí a fi bá lọ́rí kan tí ó ru yanrìn, tí ń fà lọ bí ìgbín. Awakọ̀ wa kò rí iwájú. Ibi tí Ìyá wa ń jókòó sí láyé ijọ́un ni Pápá wà, ó sì kàn wọ́n láti máa wo ọ̀nà. Wọ́n yọrí wò, wọ́n ní, “Ẹ dúró.” A dúró. A tún lọ díẹ̀. “Ẹ dúró.” Bẹ́ẹ̀ ni a tẹ̀ lé lọ́rí yanrìn náà dé orí òkè, nínú ọkọ̀ tí ó lè sáré ju 100 máìlì lọ ní wákàtí kan, Pápá kò sì wí pé ó yá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 9th Mile a rà ọkpa gbígbóná, oúnjẹ àwọn ará ibí tí ó jọ mọ́ínmọ́ín, a sì jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. A ń retí kí Pápá sọ ọ̀rọ̀ ìyìn. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní, “Ẹ ti di tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jù. Ó yẹ kí n máa gbọ́ ohùn wọn.”

A ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwa fúnra wa ni a wọ̀n wọ́n. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ní ọjọ́ kejì, a tún wọ̀n wọ́n. Pápá ni ó jàre. Ní ayé tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí, òjé wà nínú epo pẹtiróòlù, òjé náà sì ń dáàbò bo ibi tí fáàfù ń jókòó sí. Láti 2006 kò sí òjé nínú epo tí wọ́n ń tà ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni fáàfù ń jẹ ìjókòó rẹ̀ wọlé, àlàfo tápẹ́ẹ̀tì ń dínkù, ariwo rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá ń yọ̀ pé ẹ́ńjìnnì rọ̀ wẹ́rẹ́, fáàfù ń jóná lọ ni. Tápẹ́ẹ̀tì tí ń pariwo sàn ju èyí tí ó dákẹ́ lọ. Pápá kò mọ ọ̀rọ̀ òjé. Etí wọn ni ó sọ fún wọn, lẹ́yìn ọdún 50 tí wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń fún ni ní ìwé ọkọ̀ nípa ìdarí apá ọ̀tún kí ó tó náwó. Kí ó wo abẹ́ kí ó tó wo òkè. Kí ó ra bíréèkì ṣáájú ọ̀dà. Kí ó má sì ṣe é láìsí àgbàlagbà kan nítòsí.

Ìròyìn ìdílé wa nìyí pẹ̀lú. Pápá wà láyé, ara wọn le, wọ́n ní kí a kí ẹgbẹ́. Sípánà bàbá Coal Camp ti padà sí ọwọ́ rẹ̀, a sì wà ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlérí wa. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní irú sípánà bẹ́ẹ̀ nílé, tí kò lò ó mọ́, kí ó jọ̀wọ́ rántí wa. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré, ẹ máa mú wọn bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé tí òjò kò bá rọ̀. A óò máa gbé wọn yí GRA ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọjọ́ kò bá tíì kàn, kí ó má sunkún.